Ibi Tó Jẹrà Nìkan Ni Wọ́n Gé

Ọjọ́ Sátidé kan ni fọ́tò náà wọlé sórí WhatsApp, mo ń ká aṣọ lọ́wọ́. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó ń gbé abúlé wa, ló fi í sí gúrúùpù ẹbí. Òkìtì amọ̀ pupa ni mo kọ́kọ́ rí, àti páànù tó ti dípẹtà tí wọ́n tò jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn òkìtì náà, igi máńgòrò kan dúró, agogo sì rọ̀ mọ́ ẹ̀ka rẹ̀. Agogo yẹn ni mo fi mọ ohun tí mo ń wò. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Wọ́n ti wó o.

"Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ o," ni Bàbá Kékeré kọ sábẹ́ rẹ̀. "Gbogbo ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, Olúwa á kọ́lé fún ẹ̀yin náà." Mo kọ "Àmín," mo fi ọwọ́ àdúrà mẹ́ta tẹ̀ lé e. Èmi náà wà nínú àwọn ọmọ òkè òkun tó ń wí. Mo ti fi 200 pọ́n-ùn ránṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. N ò béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní "tún ṣe." Owó búlọ́ọ̀kù ni mo dá, búlọ́ọ̀kù náà ni wọ́n rà. Kò sẹ́ni tó lù mí ní jìbìtì.

N ò wí fún ẹnikẹ́ni pé ó dùn mí. Èmi tí mo ń lọ sílé lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́rin, tí n kì í jókòó sábẹ́ òrùlé tó ń jò, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe ní Essex níbí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí mo máa ń lọ bá láràárọ̀ ní ìwé ńlá kan tó ń lẹ sítáǹpù mọ́ láti ìgbà ọmọge. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí omi tíì rẹ̀ tó hó, ó ṣí i sí ojú ewé kan, ó pè mí kí n wá wò. Sítáǹpù márùn-ún ni, ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kọ̀ọ̀kan lórí wọn. Oṣù Kẹfà 1972 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé wọn jáde. Èyí tó kéré jù lówó, ti pẹ́ńsì mẹ́ta, ló fi ìka lé. Ó ní eléyìí ò jìnnà síbí, igi ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì ti ń lọ sí ẹgbẹ̀rún ọdún.

Igi kẹ̀? Ẹgbẹ̀rún ọdún? Ọmọ-ọmọ káfíńtà ni mí. Nílé, pákó tí o bá gbàgbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní oṣù Kẹta, ikán á ti fi ṣe ilé kó tó di Kérésì. Mo ní màá lọ fojú ara mi rí i.

Orúkọ abúlé náà ni Greensted, ẹ̀gbẹ́ ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Chipping Ongar ló wà. Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Central Line dé Epping, kí ẹ wá bọ́ọ̀sì lọ sí Ongar. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú irin yẹn máa ń dé Ongar gan-an, wọ́n ti apá ibẹ̀ pa ní 1994. Láti Ongar, ẹsẹ̀ ni, bíi máìlì kan, àárín oko ni ẹ ó gbà. Mo wọ bàtà tí kò yẹ. Ẹrẹ̀ Essex kì í ṣe ẹrẹ̀ tí wọ́n ń fi bàtà ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀.

Mo ti ń wo òkè láti ọ̀nà jíjìn, mo ń wá ilé gogoro. Kò sí. Àárín igi ni mo ti ṣàdédé bá a, ó jókòó jẹ́ẹ́ láàárín ibojì. Tí ẹ bá ti rí kàtídírà nílùú ńlá kan rí, ẹ ó rò pé ilé tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí ni. Bí ẹ bá dúró sí apá gúúsù rẹ̀, ilé mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ lẹ ó rí. Apá ọ̀tún, níbi tí pẹpẹ wà, bíríkì pupa ni, nǹkan bí ọdún 1500 ni wọ́n tún ibẹ̀ kọ́, lórí ìpìlẹ̀ òkúta tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Òkúta tí wọ́n ń ṣá láti fi dá iná ni òkúta náà, ilẹ̀ Essex kún fún un. Apá òsì ni ilé agogo, pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kùn ní funfun ló bò ó láti òkè dé ilẹ̀, agogo kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ 1618 sí lára. Àárín wọn ni ohun tí mo torí rẹ̀ wá: ògiri dúdú, kúkúrú, igi lásán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, nítorí ìtí igi ńlá yẹn ni n kò lè gbé kúrò lójú. Igi óákù ni, èyí tí à ń kà nínú Bíbélì, tí Jákọ́bù ri òrìṣà àwọn ará ilé rẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ ní Ṣékémù. Wọ́n la ìtí igi náà sí méjì gbọọrọ, wọ́n gbé ìlàjì kọ̀ọ̀kan nàró, ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto kọjú síta, inú rẹ̀ tó tẹ́jú kọjú sínú. Wọ́n tò wọ́n báyìí, èjìká sí èjìká, bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Wọ́n gbẹ́ ojú ihò tóóró sí ẹ̀gbẹ́ igi kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀, wọ́n wá ki pákó pẹlẹbẹ bọ ihò méjì tó kọjú síra, kí afẹ́fẹ́ má bàa ráàyè láàárín wọn. Igi 51 ló wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, kò ní fèrèsé. Àwọn fèrèsé kéékèèké tó yọrí lórí òrùlé lónìí, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe wọ́n.

Bàbá mi àgbà máa ń sọ pé ìṣó ni ọ̀lẹ káfíńtà fi ń bo ìtìjú. Tó bá fẹ́ so igi méjì pọ̀, ahọ́n ni yóò gbẹ́ sára ọ̀kan, ẹnu ni yóò gbẹ́ sára èkejì, yóò wá ní kí wọ́n fẹnu konu. Mo dúró níwájú ògiri Greensted, mo wo ahọ́n àti ẹnu, ó dà bíi pé mo gbọ́ bó ṣe ń tu lẹ́búlẹ́bú pákó dànù lẹ́nu.

Mo fọwọ́ kan án. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, mo ro pé ẹnìkan á jáde wá bá mi wí, ṣùgbọ́n kò sẹ́nì kankan àyàfi ẹyẹ. Igi náà le, ó sì tutù. Ó ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibi tó sán gba orí ìka mi. Ní ibì kan ojú ibi tí wọ́n fi irin ṣá a ṣì hàn, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ìpẹ́ ẹja. Ọkùnrin kan ló dúró síbí tó ń ṣá igi yìí, bóyá òjò ń pa á.

Ìgbà wo? Ìyẹn gan-an ti di àríyànjiyàn. Igi máa ń kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sínú ara rẹ̀: ọdún tí òjò rọ̀ tó, òrùka inú igi á fẹ̀, ọdún ọ̀dá, á há. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò lè fi ìlà fífẹ̀ àti híhá yẹn wé ti igi mìíràn tí wọ́n ti mọ ọdún rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ilà ojú wá ìran. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n fi ọgbọ́n yìí sọ pé ọdún 845 ni wọ́n gé igi Greensted. Ìlú dún. Ṣọ́ọ̀ṣì onígi tó pẹ́ jù lágbàáyé! Ní 1995, wọ́n tún un wò pẹ̀lú ohun èlò tó dára jù, wọ́n rí i pé igi náà ṣì ń dàgbà nínú igbó ní 1053. Wọ́n ní kò lè jẹ́ pé wọ́n gé e ṣáájú 1063, kò sì yẹ kó kọjá 1100. Igba ọdún ó lé bọ́ dànù lọ́jọ́ kan. Síbẹ̀, orúkọ pé òun ló pẹ́ jù ò kúrò lára rẹ̀, kò sì jọ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò lè mú ọdún kan pàtó? Ara igi tó funfun, tó wà lábẹ́ èèpo, ti lọ. Òrùka tó gbẹ̀yìn wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni kòkòrò máa ń kọ́kọ́ jẹ, nítorí náà wọ́n níláti fojú díwọ̀n iye ọdún tó ti bá a lọ. Èyí ò ṣàjèjì sí mi rárá. Bí wọ́n bá ti gbé ìrókò dé iwájú ìsọ̀, bàbá àgbà á kọ́kọ́ gé funfun ara rẹ̀ sọnù. "Ikán ló ni funfun," á wí, "èmi ni mo ni dúdú."

Láàárín 1063 sí 1100, ẹ rántí pé 1066 wà níbẹ̀, ọdún tí William ará Nọ́máńdì ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì gorí ìtẹ́. Ọwọ́ tó kọ́ ilé yìí, ọwọ́ ọmọ onílẹ̀ ni, bí àwọn Sáksọ́nì ṣe ń kọ́lé ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ọba àjèjì ló ń gba owó orí wọn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Àwọn Nọ́máànì, èèyàn William, kó òkúta kọ́ ilé olódi àti kàtídírà káàkiri, àwọn aráabúlé yìí sì lọ sínú igbó wọn, wọ́n gé ohun tí wọ́n mọ̀.

Òkú ọba kan wọ ọ̀rọ̀ náà. Edmund ni orúkọ rẹ̀, ọba East Anglia, ilẹ̀ tó di Norfolk àti Suffolk lónìí. Ní 869 ni àwọn jagunjagun láti Denmark pa á. Ìtàn ní wọ́n bẹ́ ẹ lórí, wọ́n ju orí náà sínú igbó, ìkookò kan sì jókòó tì í, ó ń ṣọ́ ọ títí àwọn èèyàn rẹ̀ fi wá a rí. (Ọmọ Yorùbá wo lẹ fẹ́ ṣàlàyé fún pé orí ọba ò gbọdọ̀ sọnù?) Ní 1010, ogun tún dé, wọ́n gbé òkú náà sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1013 wọ́n ń gbé e padà sí ibi tí à ń pè ní Bury St Edmunds báyìí, ìwé àtijọ́ kan sì sọ pé wọ́n sinmi nítòsí Ongar, pé ilé ìjọsìn onígi kan wà níbẹ̀ títí dòní ní ìrántí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé Greensted ni.

Ẹ ti rí wàhálà tó wà níbẹ̀. Wọn ò tíì gé igi tó wà lára ògiri yìí ní 1013. Ṣùgbọ́n ní 1960, wọ́n walẹ̀ lábẹ́ ibi pẹpẹ, wọ́n bá ojú ihò òpó ilé onígi méjì mìíràn tí wọ́n ti kọ́ ṣáájú èyí. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọba sùn lóòótọ́, inú èyí tó ti wó ló sùn sí. Mo ka èyí nínú ìwé pélébé tí wọ́n kó sẹ́nu ọ̀nà, mo kà á kọjá. Alẹ́ ni mo tó padà sídìí rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ àríwá, ihò kékeré kan wà lára igi. Wọ́n máa ń sọ fún àlejò pé ibẹ̀ ni àwọn adẹ́tẹ̀ ti ń yọjú wo ìsìn láti ìta. Ìtàn tó dùn ún sọ ni, ó sì ń pa èèyàn lẹ́kún. Àwọn tó mọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àtijọ́ ló wà, pé ibi tí omi ìyàsímímọ́ ń wà ni, tí ẹni tó ń wọlé ń ti ọwọ́ bọ̀. Èmi gbà wọ́n gbọ́. Lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé báyìí, ibojì olókùúta kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ní ti jagunjagun kan tó lọ ogun ìsìn ní Jerúsálẹ́mù ni. Kò sí orúkọ lórí rẹ̀, mo fò ó kọjá.

Ìgbéyàwó kan ló mú mi lọ́kàn ju ibojì lọ. Ní 1834, wọ́n mú alágbàṣe oko mẹ́fà ní Tolpuddle, abúlé kan ní Dorset. Owó iṣẹ́ wọn ń dínkù, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì búra fún ara wọn. Ẹgbẹ́ dídá ò lòdì sófin nígbà náà, nítorí náà ìbúra ìkọ̀kọ̀ ni ilé ẹjọ́ rọ̀ mọ́. Wọ́n mulẹ̀, ní ọ̀rọ̀ kan. Ọdún méje ní ìgbèkùn Ọsirélíà ni wọ́n dá fún wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ fi ariwo bo ìlú, ìjọba dárí jì wọ́n ní 1836. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n gba oko fún díẹ̀ nínú wọn níhìn-ín, ní Greensted. Ní 1839 ni James Brine, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà, gbé Elizabeth níyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Thomas Standfield ló bí Elizabeth, òun àti àna rẹ̀ ni wọ́n jọ ṣẹ̀wọ̀n. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó lọ sí Kánádà. Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí: àwọn tí ìlú wọn lé jáde, tí wọ́n tún fẹsẹ̀ ara wọn jáde. Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì wọn, mo ro ọ̀pọ̀ nǹkan nípa físà.

Àkókò yẹn náà ni David Livingstone wà ní Ongar, ó ń kọ́ iṣẹ́ ìwàásù kó tó lọ sí gúúsù Áfíríkà. Wọ́n ní wọ́n rán an lọ wàásù ní abúlé Stanford Rivers nítòsí ibẹ̀, ó ka ẹsẹ Bíbélì tán, ìwàásù fò lọ lórí rẹ̀ pátá, ó sọ fún ìjọ pé òun ti gbàgbé, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ọmọ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi, ẹ máa rántí èyí tí ọmọ bá gbàgbé ẹsẹ rẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣókùnkùn. Ó ń rùn bí àpótí ìyá àgbà. Nígbà tí ojú mi là, mo wo ìsàlẹ̀ ògiri, mo sì rí i pé àwọn igi ńlá yẹn ò kan ilẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ, bí wọ́n ṣe ń gbé òpó ni wọ́n ṣe ṣe é, igi sún mọ́ ilẹ̀, ọ̀rinrin sì ń gun orí rẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ ló fi gun orí rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1848, ẹsẹ̀ igi wọ̀nyẹn ti jẹrà. Àlùfáà tó wà níbẹ̀ nígbà náà, Philip Ray, àtàwọn ìjọ rẹ̀ níláti pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n gbé igi náà kúrò. Wọ́n gé ibi tó jẹrà nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ ògiri bíríkì kúkúrú yí ká, wọ́n tẹ́ igi óákù tuntun lé bíríkì, wọ́n wá dá igi àtijọ́ padà sórí rẹ̀, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ògiri tí à ń wò lónìí kúrú ju èyí tí àwọn Sáksọ́nì kọ́ lọ, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ. Wọ́n tún òrùlé àti fèrèsé rẹ̀ ṣe lọ́nà tí àwọn ọ̀mọ̀ràn kan ṣì ń kùn sí, mo sì rò pé ẹjọ́ wọn tọ́; iṣẹ́ òrùlé yẹn ti mọ́ jù. Ṣùgbọ́n ní ti ẹsẹ̀ igi, ibi tó jẹrà nìkan ni wọ́n gé.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka mi sí ibi tí igi àtijọ́ ti pàdé igi tuntun. Ìlà kan tó rí bí ìlà ẹ̀yìn ìwé.

1848. Ọdún náà ò jẹ́ kí n dìde. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn ni Àjàyí Crowther fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìrìbọmi fún ìyá tó bí i, Àfàlà, ní Abẹ́òkúta. Ogun ya wọ́n ní 1821, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá kí wọ́n tó rí ara wọn. Hánà ni wọ́n sọ ọ́. Bí àwọn ará Essex ṣe ń gé ẹsẹ̀ igi wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará wa ń po amọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́. Ní 1853, Anna Hinderer bá ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn, ní Kúdẹtì. Ọmọ Norfolk ni, ilẹ̀ Ọba Edmund, abúlé ni wọ́n bí i sí. Irú ṣọ́ọ̀ṣì báyìí ni àwọn tó wá wàásù fún wa ti kọ́kọ́ gbọ́ agogo. Òun ló fà á tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà abúlé wa fi ní pẹpẹ síhà ìlà oòrùn, kódà níbi tí ọ̀nà gba ìlà oòrùn kọjá tó fi di pé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ sí ọjà. Bàbá mi àgbà ní ìjà ńlá ni wọ́n jà lórí ìyẹn lábúlé wa, pé àwọn olóyè ní ṣé ẹ fẹ́ kẹ̀yìn sí ọba ni.

Tiwa náà ní ẹwà. Ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kékeré fi lè sùn sójú fèrèsé, èmi náà sùn níbẹ̀ nígbà ìwàásù ọ̀pọ̀ ìgbà. Ọ̀sán gangan, inú rẹ̀ tutù bí inú àmù. Bàbá àgbà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì ló kan bẹ́ńṣì ibẹ̀, ìrókò gbogbo ẹ̀, ó sì gbẹ́ nọ́ńbà sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ìdílé wa ni 7. Ìka mi mọ 7 yẹn ju bó ṣe mọ orúkọ mi lọ.

Ẹsẹ̀ náà ló pa á. Òjò tó ń dà láti orí páànù máa ń ta sí ìsàlẹ̀ ògiri, ó ń jẹ amọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin ìjọ á po amọ̀ tuntun ṣáájú ìkórè, wọ́n á rẹ́ ẹsẹ̀ ògiri. Nígbà tó yá, wọ́n rí owó, wọ́n rẹ́ gbogbo rẹ̀ ní sìmẹ́ńtì. Ó dán fún ọdún méjì mẹ́ta. Amọ̀ ń mí, sìmẹ́ńtì ò jẹ́ kó mí. Omi há sáàárín wọn, sìmẹ́ńtì ń ṣí bọ́ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí èèpo iṣu, ó sì ń mú amọ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn lọ. Ìgbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, ọmọ ewúrẹ́ kan gba ihò ẹsẹ̀ ògiri wọlé nígbà tí à ń ka Sáàmù. Ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó sọ pé kí a po amọ̀.

Mo ń tò ó báyìí nínú bọ́ọ̀sì bí mo ṣe ń padà bọ̀ láti Ongar, inú sì ń bí mi sí ara mi. 200 pọ́n-ùn á rẹ́ ẹsẹ̀ ògiri yẹn. Á tẹ́ bíríkì sídìí rẹ̀, á fi páànù gígùn kún òrùlé kí omi lè máa dà síwájú. Mo ti ṣe ẹjọ́ náà tán, mo ti dá gbogbo abúlé lẹ́bi, mo ti dá Greensted láre.

Alẹ́ ni mo wá rántí ojú ihò òpó abẹ́ pẹpẹ. Ilé méjì ló ti wà níbẹ̀ kí èyí tó dé. Àwọn kan dìde lọ́jọ́ kan ní Greensted, wọ́n wo ṣọ́ọ̀ṣì onígi wọn tó ti ń dẹ̀gbẹ́, bóyá èyí tí òkú ọba sùn sí gan-an, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká wó o ká kọ́ tuntun. Wọ́n wó o. Ó dájú pé arúgbó kan wà níbẹ̀ tó dijú. Ohun tí wọ́n kọ́ rọ́pò rẹ̀ ni mo rìn nínú ẹrẹ̀ lọ fọwọ́ kàn.

Mo pe Bàbá Kékeré.

Lẹ́yìn ìkíni, tó pẹ́ bó ṣe máa ń pẹ́, mo bi í pé bẹ́ńṣì ńkọ́.

"Bẹ́ńṣì wo?"

"Ti ṣọ́ọ̀ṣì, sà. Ti bàbá àgbà."

"Áà, Àbẹ̀kẹ́. Àwọn bíríkìlà ti tú púpọ̀ nínú wọn. Òun ni wọ́n fi ṣe pákó tí wọ́n ń da kọnkéré òpó sí. Àga oníke ni wọn ó kó wá fún ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, aláwọ̀ búlúù."

N ò lè fọhùn. Ó gbọ́ pé n ò fọhùn.

"Ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀kan," ó ní. "Iwájú ilé mi níbí ló wà. Òun ni mo jókòó lé tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí."

"Nọ́ńbà wo ni, sà?"

Ó fọwọ́ wá a. Mo ń gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lára igi. "Ó jọ 4. Kì í ṣe tiwa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti bàjẹ́, ikán ti jẹ ẹ́, bíríkì ni mo fi tì í. Tí owó bá dé ni màá sọ ọ́ sídìí iná."

"Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo?"

"Ẹsẹ̀ kan."

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má sọ ọ́ sídìí iná o. Ẹ bá mi wá okùn ìwọ̀n. Ẹ bá mi wọn ibi tí ikán jẹ dé."

Ó bi mí pé ṣé orí mi pé. Mo ní ó pé, sà. Ó kùn díẹ̀, mo gbọ́ tí sálúbàtà rẹ̀ ń fà lọ sínú ilé, mo gbọ́ tó ń bi ẹnìkan pé níbo ni wọ́n fi nǹkan aránṣọ yẹn sí. Ó pẹ́. Àkùkọ kan kọ létí fóònù. Ìgbà tó padà dé, ó ń mí hẹlẹ, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn.

"Ínṣì mẹ́rin," ó ní. Ó fi nǹkan kan ìyókù, ó dún kó. "Láti ibẹ̀ lọ sókè, ó le bí òkúta."